Orin Tí A Gbà Sínú Ẹ̀rọ Tí A Kò Kọ Sínú Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí ẹ yàn fún mi ni ti orin ìsìn tí àwa Yorùbá fúnra wa ń dá sílẹ̀. Ṣómólú àti Bàrígà ni èmi yóò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀ràn náà gbé hàn sí mi kedere. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni ọdún 67 ni nígbà náà. Orin 43 ní èdè Yorùbá ni ó kọ fún ilé-iṣẹ́ Zonophone, tí wọ́n sì gbà wọ́n sínú àwo giramafóònù. Ó kú ní 1930. Lónìí, àwo náà ń bẹ, orin rẹ̀ ń bẹ nínú ìwé, orúkọ rẹ̀ kò sì parẹ́ lára iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn tí ó mú ìhìnrere wá fi ohùn orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá. Èmi kò bú wọn. Ohun tí wọ́n ní ni wọ́n fi fún wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kọrin pé Kristi ni ọkọ Ìjọ, tí ohùn orin sì wálẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀ náà, ọkọ̀ ni etí gbọ́. Bí ó bá gòkè, ọkọ́ ni. Olóògbé T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Marina láti 1914 títí di 1962, fi ìwé kan ṣàlàyé èyí ní 1953, pé bí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ń lọ ni ó yẹ kí orin rẹ̀ máa lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń dá orin sílẹ̀ nísinsìnyí kò nílò kí a kọ́ wọn ní èyí. Láti ẹnu wọn ni orin ti ń jáde, ọ̀rọ̀ ni ó sì ń bí i. Mo yìn wọ́n.

Àìsàn mìíràn ni ó ń ṣe wá báyìí. Ní Bàrígà, yàrá kan, kọ̀ǹpútà kan, fóòmù tí a kàn mọ́ ògiri kí ariwo má baà wọlé, ó tó láti gba orin sílẹ̀. Òru ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orin ti wọ inú fóònù. Mo bi ẹgbẹ́ akọrin kan léèrè ọ̀rọ̀ orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni mẹ́ta dá mi lóhùn, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì gbà sọ ọ́. Ẹni tí ó dá orin náà sílẹ̀ ti kó kúrò ní àdúgbò, fóònù tí orin wà nínú rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹsẹ kejì kò sì sí nínú ìwé kankan.

Ẹlòmíràn yóò wí pé àwọn baba wa kò kọ oríkì sílẹ̀, síbẹ̀ oríkì kò parun. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n oríkì ní ilé tí ó ni ín, ó ní àwọn obìnrin ilé tí ń fi í kí ọmọ lójoojúmọ́. Ta ni ó ni orin ìsìn nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin bá tú ká?

Òfin Nàìjíríà ti 2022, tí ó dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé àti olórin, kò ní kí a kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Bí a bá ti kọ orin sílẹ̀ tàbí gbà á sínú ẹ̀rọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aáwọ̀ bá dé, tí kò sí ìwé tí ó ní orúkọ àti ọjọ́, kí ni ọlọ́rin yóò fi hàn adájọ́?

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹ̀bá Ṣómólú ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ta ni kò mọ Ṣómólú mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé? Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ìjọ, ìwé ètò ìsìnkú tí àwòrán kún inú rẹ̀, níbẹ̀ ni a ti ń tẹ̀ wọ́n. Ìjọ tí ó lè san owó ogún ojú-ìwé fún òkú kò lè wí pé òun kò rí owó ojú-ìwé mẹ́rin fún orin.

Àbá mi ni pé kí Ẹgbẹ́ yìí ya ojú-ìwé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé wa lóṣooṣù fún orin kan láti ìjọ kan ní Ṣómólú tàbí Bàrígà: ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn pípé, ohùn rẹ̀, orúkọ ẹni tí ó dá a sílẹ̀, àti ọdún tí a kọ́kọ́ kọ ọ́. Àwa olùkọ́ yóò tún àmì ohùn yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá sì ní ìwé akọrin àtijọ́ nínú àpótí, yálà ti baba rẹ̀ tàbí ti ìyá rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ mú un tọ Akọ̀wé wá kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé. A ó dà á kọ, a ó sì dá a padà fún un.