Bí A Ṣe Ń Ròyìn Ohun Tó Ti Kọjá ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

 

Èdè Faransé ni ìjọba wa ń lò, ṣùgbọ́n ẹnu-bodè ni a ń gbé. Yorùbá bíi tiwa ni àwọn ará Ìdí-Ìrókò. Òyìnbó Faransé àti Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló fi àdéhùn pín wa ní ọdún 1889. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tí a ń bá pàdé ní òdì kejì ló gbọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn mìíràn máa bá yín sọ.

Ará mi kan ra kẹ̀kẹ́ ní ọjà kan lọ́hùn-ún. Kò tíì gùn ún jìnnà tí ẹnì kan fi dá a dúró, ó ní kẹ̀kẹ́ òun tí olè jí ni. Wọ́n mú un lọ síwájú ọlọ́pàá. Wọ́n bi í pé níbo ló ti rí kẹ̀kẹ́. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé, "Mo rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan." Ó wá sọ pé, "I buy from one man."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí! Ní etí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó sọ ni pé, "Mo máa ń rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan." Ni wọ́n bá pè é ní oníbàárà olè. Ó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ẹni tó lè ṣe ògbufọ̀ tó dé. Ká ní "I bought it" ló sọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá má gùn tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló fà á? Kì í ṣe àìgbọ́n. Ní èdè wa, a ń sọ pé, "Mo ra epo lánàá", a sì ń sọ pé, "Màá ra epo lọ́la." "Ra" kò yí padà. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bí "ń" àti "ti" ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìṣe fúnra rẹ̀ ń pààrọ̀ aṣọ. Faransé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú ọ̀nà mẹ́ta yìí dání:

Èkíní, ohun tó ṣẹlẹ̀ tó sì parí. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ń gba "-ed" ní ìparí: "close" di "closed", "open" di "opened". Àwọn olóríkunkun kan wà tí a gbọ́dọ̀ há sórí: "buy" di "bought", "go" di "went", "see" di "saw".

Èkejì, ohun tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí òmíràn ṣẹlẹ̀. "Òjò ń rọ̀ nígbà tí mo dé": "It was raining when I arrived." "Was" àti "-ing" ló ń ṣe iṣẹ́ "ń" wa níbí.

Ẹ̀kẹta, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí òmíràn tó dé. "Wọ́n ti lọ kí n tó dé": "They had gone before I arrived." "Had" ló ń ṣe iṣẹ́ "ti".

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ dán an wò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnu-bodè ilẹ̀ rẹ̀ pa fún ẹrù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n kéde pé kí wọ́n ṣí ti Ìdí-Ìrókò. Oníṣòwò lè ròyìn rẹ̀ báyìí:

"They closed the border in 2019. We were waiting. When they opened it, some customers had gone."

Wọ́n ti ẹnu-bodè: ó parí. A ń dúró: ó ń lọ lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà kan ti lọ kí wọ́n tó ṣí i.

Lálẹ́ òní, ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ẹ ṣe lánàá ní Yorùbá, kí ẹ kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sí abẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ yín bá ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé, ẹ fi hàn án. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n dáadáa, bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọlọ́pàá tàbí ti aṣọ́bodè, ẹ béèrè ògbufọ̀ kí ẹ tó la ẹnu.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó di ìgbà mìíràn o.