Sàká Kò Béèrè Ohun Tó Pa Bàbá Ọmọ

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ìpín sàká ní Bódìjà, Ìbàdàn)

Bismillāhir-Rahmānir-Rahīm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i, tí ìyá rẹ̀ sì kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 6.

Nígbà tí a bá ń pín sàká, ìbéèrè kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn èèyàn: kí ló pa bàbá ọmọ yìí? Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé éèdì ni, ọwọ́ wọn á kákò.

Ẹ jẹ́ kí a wo Sūratut-Tawbah, āyah 60. Ìsọ̀rí 8 ni Ọlọ́hun kà pé sàká tọ́ sí. Òtòṣì àti aláìní ló ṣáájú. Kò dárúkọ ọmọ òrukàn níbẹ̀. Àìní ọmọ ló ń mú kí sàká tọ́ sí i. Ọmọ òrukàn tí bàbá rẹ̀ fi ogún tó tó o sílẹ̀ fún, ìkẹ́ àti sàráà la fi ń ṣe é, kì í ṣe sàká. Nítorí náà, ìwádìí wa kò ju èyí lọ: ṣé ó ń rí oúnjẹ jẹ? Ta ló ń san owó ilé-ìwé rẹ̀? Ọwọ́ ta ni ogún bàbá rẹ̀ wà? Àìsàn tó pa bàbá kò sí níbẹ̀.

Àrùn tí a ń pè ní kògbóògùn ti ní oògùn tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba. Láti ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ oògùn náà di ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ láti Challenge dé UCH kì í ṣe ọ̀fẹ́, oúnjẹ ọmọ tó ń lo oògùn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Opó tí kò rówó ọkọ̀ á pa ọjọ́ oògùn jẹ, àìsàn á sì tún gbérí. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá ìrànlọ́wọ́ owó sí ilẹ̀ òkèèrè dúró ní January 2025, a rí i pé kò yẹ kí ìtọ́jú ọmọ wa wà lọ́wọ́ àlejò nìkan.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni kò tilẹ̀ ní kòkòrò HIV lára. Èyí tó bá sì ní i, jíjẹun pọ̀ tàbí sísùn sórí ẹní kan náà kò lè kó o ran ọmọ yín.

Àṣírí ọmọ, àmánà ni. Ìdí nìyí tí a kì í fi í tẹ orúkọ tàbí àwòrán wọn sínú ìwé ìròyìn yìí. Ẹni tó fún wa lówó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bí a ṣe ná an, a ó sì fi ìwé hàn án. Kí ó má ṣe béèrè orúkọ.

Ẹ ṣírò owó yín tó bá tó nisāb, tó sì ti pé ọdún kan lọ́wọ́. Ẹ yọ ìdá kan nínú 40. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kí ó fi owó ọkọ̀ opó kan ṣe sàráà lóṣooṣù. Àjùmọ̀bí kò kan taànú. Kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ wa. Āmīn.