Nígbà Tí Ara Bá Ń Yúnni Lẹ́yìn Ìwẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìlera fún àwọn àgbà Yorùbá ní Blanchardstown

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń gba oorun lójú àwọn àgbà: ara tí ó ń yúnni bí a bá ti jáde nínú ìwẹ̀. Ẹlòmíràn á nu ara tán, kò tíì wọ aṣọ, ni ojúgun, ẹ̀yìn àti apá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yún un bí ẹni tí ó fara kan yèrèpè. Ọ̀pọ̀ kì í sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé nílé wa, ojú ẹlẹ́gbin ni a fi ń wo ẹni tí ó bá ń họra. Ìtìjú yẹn ni ó ń mú kí ènìyàn tún padà lọ wẹ̀, pẹ̀lú omi tí ó gbóná jù, ọṣẹ tí ó le jù, àti kànrìnkàn tí ń bó ara. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí ná kí n tó sọ ohun mìíràn: bí ara bá ń yún yín lẹ́yìn ìwẹ̀, kì í ṣe pé ẹ kò mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, fífọ̀ ni ẹ fọ ara jù.

Awọ ara ní ọ̀rá tirẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ sá lọ. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, ọ̀rá yìí a máa dínkù. Omi gbígbóná á yọ́ èyí tí ó kù, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń yọ́ ọ̀rá lára ìkòkò ọbẹ̀, ọṣẹ á sì gbé e lọ. Bí omi ojú awọ bá ti wá ń gbẹ, awọ á fún, á sì máa yún.

Gbogbo wa ni a mọ ọyẹ́. Bí ó bá dé nílé, ètè á bẹ́, ẹsẹ̀ á funfun, a ó sì máa wá òrí tàbí àdín kiri. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọyẹ́ á lọ. Níhìn-ín, nítorí pé òjò ń rọ̀ níta, a kò rò pé afẹ́fẹ́ lè gbẹ. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí a ti tan ẹ̀rọ amúlégbóná láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹrin, tí a sì ti gbogbo fèrèsé pa, ọyẹ́ ni ó wà níbẹ̀. Ẹ dín ooru ilé kù díẹ̀, pàápàá ní yàrá tí ẹ ń sùn. Àwọn kan ń di ẹ̀bi ru omi ẹ̀rọ tí a ń tọ́jú ní Leixlip, èyí tí a ní kí a máa sè kí a tó mu ní ọdún 2019. Omi náà dára fún ìwẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ẹfun nídìí kẹ́tù yín, ẹ ṣáà rí i pé ẹ ṣan ọṣẹ kúrò lára dáadáa, nítorí irú omi bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ìyókù ọṣẹ lẹ̀ mọ́ ara.

Báwo ni kí a ṣe wẹ̀? Kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó má gbóná. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ti tó. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ti tó pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé a tọ́ wa dàgbà láti máa wẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ fi ọṣẹ sí abíyá, abẹ́ àti ẹsẹ̀. Omi lásán tó fún ìyókù. Ní ti ọṣẹ dúdú, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣòro fún àwọn kan láti gbà: eérú ni a fi ń ṣe é, ó sì le fún awọ tí ó ti fẹ́lẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná. Ẹ má ṣe da Dettol sínú omi ìwẹ̀ mọ́. Ẹ gbé kànrìnkàn sẹ́yìn. Ọwọ́ tàbí aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ lò.

Bí ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ má ṣe fi aṣọ ìnura ha ara. Ẹ kàn fi tẹ omi náà lára díẹ̀díẹ̀. Kí ara tó gbẹ tán, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ ti fi ìpara sí i. Òrí tí kò ní lọ́fínńdà nínú dára, básílíìnì náà dára, ìpara tí kò ní òórùn tí apoògùn ń tà náà sì dára. Ẹ jókòó lórí àga kí ẹ tó fi í pa ẹsẹ̀, kí ẹ má bàa yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀. Aṣọ tí ìpara tàbí òróró bá ti mu a máa tètè gbiná. Ẹ̀yin tí ẹ ń tan àbẹ́là fún àdúrà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn.

Lẹ́nu iṣẹ́ ògbufọ̀, mo máa ń kíyè sí ohun kan tí ń da ọ̀rọ̀ rú níwájú dókítà. Bí dókítà bá ní awọ yín gbẹ, tí a sì túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àgbà mìíràn á gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ti rù, pé àìsàn ti jẹ ẹ́ tán. Kì í ṣe ohun tí dókítà ń wí nìyẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣàlàyé tiyín yékéyéké: ṣé ó ń yún yín ni, àbí ó ń ta yín bí ata, àbí ó ń jó yín bí iná? Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè tọ́ka sí. Ẹ rántí pẹ̀lú pé lára awọ dúdú, ibi tí ó bínú lè má pọ́n bí ó ti ń pọ́n lára òyìnbó; ó lè dúdú sí i, tàbí kí ó rí bí eérú. Bí dókítà bá ní òun kò rí nǹkan kan, ẹ ní kí ó fọwọ́ kàn án.

Ẹ ó rántí chloroquine, oògùn ibà àtijọ́. Bí a bá lò ó, ara á máa yún ọ̀pọ̀ wa fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ ṣe ìwádìí rẹ̀: oògùn náà ni, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ní ọdún 2005 ni ìjọba Nàìjíríà fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀. Piriton ni a ń lò mọ́ ọn nígbà náà, òun náà ni ọ̀pọ̀ ṣì ń sáré wá lónìí. Ṣùgbọ́n Piriton kò lè dá ọ̀rá padà sí awọ. Oorun ni ó ń kùn ènìyàn. Ó lè mú àgbàlagbà ṣubú bí ó bá dìde lóru, ó sì lè sé ìtọ̀ mọ́ ọkùnrin nínú. Ẹ bi apoògùn léèrè kí ẹ tó lò ó. Ní ti àwọn ìpara tí ń bóra, tí a ń tà láìsí àkọlé gidi, ẹ má ṣe fi wọ́n wo ara yíyún rárá. Oògùn líle tí ń mú awọ fẹ́lẹ́ wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sì dínkù, ẹ lọ rí dókítà yín. Bí ó bá ń yún yín jù lóru, láàárín ìka ọwọ́, tí ará ilé mìíràn náà sì ń họra, ó lè jẹ́ kúrúnà. Gbogbo ilé ni a ó tọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì bí ojú bá pọ́n bí ìyeyè, tàbí bí ẹ bá ń rù láìnídìí. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ kan sì wà, tí kò wọ́pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ki jù. Ara yíyún lẹ́yìn ìwẹ̀, láìsí èélá kankan lára, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àmì rẹ̀, pàápàá bí orí fífọ́, òòyì tàbí òógùn òru bá tẹ̀ lé e. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ fi í hàn. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan kí ó sì fa àrùn rọpárọsẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtìjú kò fi yẹ.

Kò sí ìdí láti lọ jókòó ní ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn Connolly nítorí ara yíyún lásán. Ṣùgbọ́n bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, tàbí mímí bá di ìṣòro, ẹ pe 999 tàbí 112 lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá ti pé 70 ọdún tí ó sì ń gbé ní Ireland lè gba káàdì ìbẹ̀wò dókítà lọ́wọ́ HSE, iye yòówù kí owó tí ń wọlé fún un jẹ́. Bí ẹ bá ń gba àdéhùn, ẹ béèrè fún ògbufọ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ náà, ẹ kó gbogbo oògùn, ọṣẹ àti ìpara tí ẹ ń lò sínú àpò kan, títí kan àgbo àti èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti ilé, kí ẹ sì gbé e síwájú dókítà.