Ogun Tó Kọ́lé: Bí Ìjà Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún Ṣe Fa Ìlà Ìlú Yorùbá



Bí a bá dárúkọ ogun, ilé tó jóná, ìlú tó tú àti ẹni tó sá àsálà ló ń wá sí wa lọ́kàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ogun a máa kọ́lé pẹ̀lú. Ohun tí mo wá sọ ni pé ogun ló fa ìlà púpọ̀ nínú àwọn ìlú tí à ń gbé, àti pé bí a kò bá tọ́jú ohun tó ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ náà, ọwọ́ ara wa ni a ó fi pa ẹ̀rí ìtàn wa run.

Ìlú tí ogun tẹ̀ dó

Nígbà tí ogun Òwu parí ní nǹkan bí 1825, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tó tú ìlú Òwu kò padà sílé. Wọ́n jagun la ilẹ̀ Ẹ̀gbá já, wọ́n sì fi Ìbàdàn ṣe ibùdó ní nǹkan bí 1829. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́, aṣáájú ogun, kó àwọn Ẹ̀gbá lọ sábẹ́ àpáta Olúmọ, ibẹ̀ ló di Abẹ́òkúta. Kò pẹ́ tí Ọ̀yọ́ Ilé pàápàá fi tú, Aláàfin Àtìbà sì sọ Àgọ́ Ọjà di Ọ̀yọ́ tuntun.

Ẹ wo bí ìyẹn ṣe hàn lára ilẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, ààfin ló wà láàárín, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀nà ìlú ti tàn kálẹ̀. Ìbàdàn kò ní ọba nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Olúkúlùkù ológun ló gba ilẹ̀ tirẹ̀, ó kọ́ agbo ilé, ó sì kó ẹbí, ọmọ ogun, ẹrú àti àwọn tó sá bá a sínú rẹ̀. Títí dòní, orúkọ jagunjagun ni a fi ń júwe ilé níbẹ̀: Ilé Ògúnmọ́lá, Ilé Ìbíkúnlé. Ní Abẹ́òkúta, bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe tú dé náà ló ṣe jókòó. Aké, Ìjẹmọ̀, Ìtòkò, Kémta àti Ìgbẹ́ìn di àdúgbò, kálukú pẹ̀lú àwọn Ògbóni rẹ̀. Àwọn Òwu dé bá wọn ní 1834, àwọn náà gba àyè tiwọn. Ẹni tó bá rìn nínú Abẹ́òkúta lónìí, àárín àwọn ìlú tí ogun tú ló ń rìn kọjá.

Odi, yàrà àti bodè

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ odi? Wọ́n á gbẹ́ yàrà yí ìlú ká. Erùpẹ̀ pupa tó bá ti inú rẹ̀ jáde náà ni wọ́n á fi omi pò, tí wọ́n á fi mọ odi sí ẹ̀gbẹ́ inú. Wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e, nítorí náà iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ara ìlú á tún jáde lọ tún un ṣe. Lẹ́yìn yàrà, ọ̀pọ̀ ìlú a máa fi igbó kìjikìji sílẹ̀ láìro kí ẹlẹ́ṣin ọ̀tá má baà ráyè sáré wọlé. Igbó ilé ni wọ́n ń pè é. Ní ẹnubodè, oníbodè ń ṣọ́ ẹni tó ń wọlé, ó sì ń gba owó bodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Odi tó ń dáàbò bo ìlú náà ló tún ń mówó wọlé.

Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọbẹ̀. Ní 1851, Ọba Gezo ti Dàhómì kó ogun wá bá Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ológun sì wà nínú wọn. Níhà ẹnubodè Aro ni ìjà ti le jù, ṣùgbọ́n wọn kò rí odi gbà. Wọ́n tún wá ní 1864, wọ́n tún padà lọ́wọ́ òfo. Ní Ìbàdàn, Balógun Ìbíkúnlé mọ odi ńlá láàárín ọdún 1850 sí 1859, odi tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè.

Odi tún darí bí a ṣe ń gbé nínú ìlú. Ẹni tó fẹ́ sùn láìfòyà, inú odi ni yóò sùn. Ìdí nìyẹn tí ilé fi há mọ́ ilé, tí oko sì jìnnà.

Láti Bahia dé Èkó

Àwọn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún yìí kan náà ló kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Bahia ní Bràsíìlì. Àwọn tó padà dé Èkó, tí a ń pè ní Àgùdà, mú iṣẹ́ bíríkìlà àti kápẹ́ńtà bọ̀. Wọ́n kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì sí Pópó Àgùdà, wọ́n tẹ fèrèsé rẹ̀ bí òṣùmàrè, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ya òdòdó sára ògiri. João Esan da Rocha, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ní kékeré, ló ni Water House ní Kakawa. Wọ́n gbẹ́ kànga sí i, ara Èkó sì ń ra omi níbẹ̀. João Baptista da Costa ló ya àwòrán Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Nígbà tí owó kòkó dé, irú ilé bẹ́ẹ̀ tàn dé Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti Iléṣà.

Ohun tó kù fún wa láti ṣe

Ọ̀kan nínú irú ilé Àgùdà bẹ́ẹ̀ ni Casa do Fernandez, tí ará Èkó mọ̀ sí Ilojo Bar, tí wọ́n kọ́ ní 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun àjogúnbá ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Kò sí ogun lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni odi ìlú wa ń lọ díẹ̀díẹ̀: ẹnìkan gbẹ́ erùpẹ̀ rẹ̀ tà, ẹlòmíràn dí yàrà, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e. Èyí ń dùn mí, n kò sì fẹ́ fi pamọ́.

Mo bẹ ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo: ẹ fa ìlà odi àtijọ́ sórí máàpù kí ẹ tó fọwọ́ sí pílàánù ilé kankan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ rìn létí yàrà, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin mọ́gàjí, ẹ jẹ́ kí a kọ ìtàn agbo ilé yín sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà. Ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá sì bọ́ sórí odi tàbí yàrà, kó ránṣẹ́ sí àwa onímọ̀ ìtàn kó tó da kọnkéré. A ó wá, a ó wọ̀n ọ́n, a ó yà á ní fọ́tò, a kò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.