Iṣẹ́ Ìríjú: Owó Wa, Ọwọ́ Wa, àti Ìṣirò Wa

 

Kí ni ìríjú? Ìríjú ni ẹni tí ń tọ́jú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, tí yóò sì jíhìn fún olóhun nígbà tí ó bá dé. Àwọn tí wọ́n ti gbé ní Ghana láàárín wa mọ òtítọ́ yìí dájú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé ìlú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ 2, tàbí kí ó kúrò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ fi ilé, ìsọ̀ àti gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀. Bí ohun ìní bá lè bọ́ ní ọjọ́ 14, ta ni nínú wa tí yóò sọ pé òun ni olóhun?

Èkíní, owó wa. Nígbà tí United Native African Church bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1891, tí African Church sì tẹ̀lé e ní 1901, àwọn tí ó dá wọn sílẹ̀ kò gbójú lé owó òkè òkun. Àpò ara wọn ni wọ́n tú. J. K. Coker, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú African Church, dá oko kòkó sí Ìfakò lẹ́bàá Agége. Kì í ṣe owó kòkó nìkan ni ó fi sin Ọlọ́run. Oko náà pàápàá di ibi ìwàásù. Àwọn alágbàṣe rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ kòkó, wọ́n gbọ́ ìhìn rere, wọ́n sì gbé méjèèjì lọ sí ìlú wọn. Nítorí náà, ìwọ tí o ní ìsọ̀ ní Kánò tàbí ní Jọ́ọ̀sì, ìsọ̀ rẹ pẹ̀lú lè jẹ́ pẹpẹ. Kí ẹni tí ọrẹ rẹ̀ kéré má sì tijú: Olúwa tí ó rí owó wẹ́wẹ́ 2 ti opó nì kò tíì fọ́jú.

Èkejì, ọwọ́ wa. Àwọn kan ń san owó kí a má baà pè wọ́n sí iṣẹ́. Ẹ ka ìwé Nehemáyà orí 3. Alágbẹ̀dẹ wúrà mọ odi, apòlóòórùn-dídùn mọ odi, Ṣálúmù àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mọ odi. Kìkì àwọn ọlọ́lá Tékóà ni kò tẹ ọrùn wọn ba fún iṣẹ́ náà. Ọjọ́ 52 ni odi fi parí, àbùkù àwọn ọlọ́lá wọ̀nyí kò sì parí títí di òní. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Kí olùkọ́ kọ́ àwọn tí kò mọ ìwé, kí nọ́ọ̀sì bẹ aláìsàn wò, kí bíríkìlà wá tún ògiri ṣe. Kí ẹni tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ gbá inú ilé Ọlọ́run.

Ẹ̀kẹta, ìṣirò wa. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Kì í ṣe àìní ni ó ń dá ọrẹ dúró ní àwọn ẹ̀ka kan, ìfura ni. Ní ayé Jóáṣì ọba, owó àtúnṣe tẹ́ńpìlì ń wọlé, ṣùgbọ́n di ọdún 23 ìjọba rẹ̀, ibi tí ó ya ṣì ya síbẹ̀. Ọba kò bá àwọn ènìyàn wí pé wọ́n ń háwọ́. Ọ̀nà ìtọ́jú owó ni ó yí padà. Jéhóíádà àlùfáà gbé àpótí kan, ó dá ihò sí ìdérí rẹ̀. Akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà jùmọ̀ ń ka owó náà, tààrà ni ó sì ń lọ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. A kò fi ṣe àwo fàdákà. Àwa náà, kí ẹnì kan ṣoṣo má ṣe máa ka ọrẹ. Kí a máa ka ìwé ìṣirò sí etí ìjọ. Kí owó òrùlé má di owó àsè. Akápò olóòótọ́ kì í bínú sí èyí, nítorí ààbò rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ní nítorí akápò o kò ní í san mọ́, dìde ní ìpàdé, kí o fi ọ̀wọ̀ béèrè. Ohun tí a fi lé ọ lọ́wọ́ ni Olúwa yóò bi ọ́ léèrè, kì í ṣe ohun tí a fi lé akápò lọ́wọ́.

Ará mi ọ̀wọ́n, nígbà tí ẹ bá padà dé ẹ̀ka yín, ẹ má ṣe ròyìn oúnjẹ àti orin àpéjọ nìkan. Ẹ béèrè pé, níbo ni odi wa ti ya, ta ni yóò sì dúró níbẹ̀? Kí Olúwa bá wa ní olóòótọ́ nígbà tí Ó bá dé. Àmín.