Táyà Vespa Àtijọ́
Ọdún 1946 ni iléeṣẹ́ Piaggio bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe alùpùpù Vespa ní Pontedera, nílẹ̀ Ítálì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń gun ògbólógbòó rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ páàtì kó yín láyà sókè. Iléeṣẹ́ Bajaj ṣe Vespa ní Íńdíà lábẹ́ àṣẹ Piaggio, ọ̀pọ̀ páàtì ibẹ̀ ló sì bá a mu. Táyà gan-an ni kẹ́ ẹ fojú sí. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò, 3.50-10, ṣì wà lọ́jà, àmọ́ ó lè ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 nìyẹn. Bí òǹtàjà bá ní tuntun ni, ẹ ní kó bá yín kà á. Rọ́bà tó ti gan, bó ti wù kó máa dán, èmi ò ní san owó tuntun lé e.