Omi Ṣáájú Ọ̀ṣọ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Kíkọ́ Ilé fún Ẹja Discus Nínú Gíláàsì

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé lórí ni iṣẹ́ títo igi, yanrìn àti ewéko sínú àpótí gíláàsì tí omi kún, lọ́nà tí ẹja discus yóò fi lè gbé inú rẹ̀ láìsí ìnira, tí ojú ẹni tó bá ń wò ó yóò sì rí ohun tó wuyì. Ìrọ̀rùn ẹja àti adùn ojú kì í sábà bára wọn rìn nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ohun tó ń mú ewéko gbilẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ń mú ẹja yìí ṣe dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpótí tó sì máa ń dojú rú láàárín oṣù díẹ̀, adùn ojú ni àwọn tó kọ́ wọn kọ́kọ́ lé. Èrò tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé omi ni kí ènìyàn kọ́kọ́ tọ́jú, kí igi tẹ̀ lé e, kí ewéko sì dé kẹ́yìn, kí ó má sì pọ̀.

Ọmọ odò Amazon ni discus, ìdílé tí àwọn onímọ̀ ẹja ń pè ní Cichlidae ni ó sì ti wá, èyí tó sọ ọ́ di ìbátan epìyà tí kò ṣàjèjì nínú ọbẹ̀ Yorùbá. Ara rẹ̀ rí róbótó, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo tí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nàró, èyí tó bá sì dàgbà dáadáa nínú wọn a máa gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Johann Natterer, ọmọ ilẹ̀ Ọ́sítríà tó wà ní Bràsíl láti 1817 sí 1835, tó ń kó ẹranko, ẹyẹ àti ẹja jọ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú rẹ̀, ni ó kó èyí tí ayé àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ránṣẹ́ sí Vienna, níbi tí onímọ̀ ẹja Johann Jakob Heckel ti sọ ọ́ ní Symphysodon discus ní 1840. Ilà dúdú 9 ló gba ara ẹja Heckel yìí kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìkíní, ìkarùn-ún àti ìkẹsàn-án nínú wọn sì nípọn ju ìyókù lọ tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi dá a mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ní 1904 ni Jacques Pellegrin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe àpèjúwe irú kejì tí àwọn ilà tirẹ̀ dọ́gba. Iye irú tó wà ní ti gidi ṣì jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ń bá ara wọn jiyàn lé lórí títí di òní, àríyànjiyàn náà kò sì ní í dí iṣẹ́ wa lọ́wọ́.

Ohun tó kan iṣẹ́ yìí gan-an ni irú ibi tí ẹja náà ń gbé. Odò Rio Negro, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka Amazon tí discus ń gbé, tó pàdé odò Solimões nítòsí ìlú Manaus, dúdú bí ó tilẹ̀ mọ́, nítorí pé ewé àti igi inú igbó tó ń jẹrà sínú rẹ̀ ló pa á láró; omi náà rọ̀ púpọ̀, èyí ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí iyọ̀ òkúta kankan nínú rẹ̀, ọṣẹ díẹ̀ sì ti tó láti hó nínú rẹ̀. Omi náà kan pẹ̀lú, bí a bá fi òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní pH wọ̀n ọ́, òṣùwọ̀n tí 7 jẹ́ agbedeméjì rẹ̀, tí iye tó bá sì kéré sí 7 ń fi hàn pé omi kan, ó lè wálẹ̀ dé 5 tàbí kí ó tilẹ̀ kéré sí i. Lọ́dọọdún ni odò náà máa ń kún, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà ìkún àti ìgbà ìfà rẹ̀ ní Manaus sì máa ń tó nǹkan bíi mítà 10, tí igbó odindi yóò fi wà lábẹ́ omi fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí omi bá fà, àárín ẹ̀ka àwọn igi tó wó sínú adágún ni discus máa ń kó ara jọ sí, ibẹ̀ sì ni a ti lóye ìdí tí ara rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí ẹja tó tẹ́ bẹ́ẹ̀ lè yọ́ gba àárín ẹ̀ka tí àwọn ẹja apẹran kò lè gbà. Àwọn apẹja ìlú Barcelos létí Rio Negro, tí iṣẹ́ ẹja ọ̀ṣọ́ ti jẹ́ ọ̀nà oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, a máa fi iná tọ́ọ̀ṣì àti àwọ̀n ọlọ́wọ́ mú un ní òru láàárín àwọn igi wọ̀nyí.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ewéko tó ta gbòǹgbò sí ìsàlẹ̀ odò ṣọ̀wọ́n nínú omi dúdú bẹ́ẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ kì í wọlé jìnnà. Pápá tútù yọ̀yọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbìn fún discus jẹ́ ìfẹ́ inú ènìyàn, kì í ṣe ìfẹ́ inú ẹja, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀ bí ẹni tó ń gbìn ín bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Takashi Amano (1954 sí 2015), ọmọ ìlú Niigata ní ilẹ̀ Japan, tó jẹ́ eléré kẹ̀kẹ́ àti ayàwòrán kó tó di olùkọ́ gbogbo àgbáyé nínú ọ̀ṣọ́ inú omi, ló mú iṣẹ́ pápá inú àpótí yìí dé ògógóró. Ọ̀nà tirẹ̀ sì ń béèrè iná tó mọ́lẹ̀ rokoṣo, gáàsì carbon dioxide tí wọ́n ń fẹ́ sínú omi fún ewéko, ilẹ̀ tó lọ́ràá, omi tí kò gbóná ju bíi 25°C lọ, àti ẹja kéékèèké. Discus ò fẹ́ iná tó mọ́ jù, ó ń jẹun púpọ̀, ó sì ń fẹ́ omi 28°C sí 30°C. Ẹni tó bá fẹ́ fi discus sínú irú àpótí Amano ní láti pinnu èwo, láàárín ewéko àti ẹja, ni yóò fi ìfẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n àpótí, èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ tó 50, tó sì ga tó 50, yóò gba omi lítà 300, omi náà nìkan yóò sì wúwo tó kílò 300, nítorí náà tábìlì tí kò tẹ́jú tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba yóò fọ́ gíláàsì náà láìpẹ́ láìjìnnà. Discus 6 ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè gbà dáadáa. Èyí tó bá kéré sí 5 kò dára, nítorí pé láàárín 2 tàbí 3, alágbára yóò máa lé aláìlágbára kiri títí tí ìyẹn yóò fi kọ oúnjẹ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀, ìyà náà á pín káàkiri, kò sì ní í pa ẹnì kan ṣoṣo. Ìgbóná omi pẹ̀lú ní owó tí a ń san lé e: lítà omi kan ní 20°C lè gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó mílígíráàmù 9, ṣùgbọ́n ní 30°C kò lè gbà ju bíi 7.6 lọ, bẹ́ẹ̀ ẹja ń mí kíákíá sí i bí omi bá ṣe ń gbóná. Ìdí nìyí tí ojú omi àpótí discus fi gbọ́dọ̀ máa rú díẹ̀díẹ̀ nígbà gbogbo, yálà nípa ẹ̀rọ tó ń fa omi la kàn-ìn-kàn-ìn kọjá, èyí tí a ó pè ní asẹ́, tàbí nípa páǹpù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi.

Asẹ́ yìí kì í ṣe ohun tó ń gba ìdọ̀tí dúró lásán. Ìgbẹ́ ẹja, oúnjẹ tó ṣẹ́kù àti ohun tó ń ti ẹ̀yà ìmí ẹja jáde a máa di amóníà, èyí tó jẹ́ májèlé. Inú kàn-ìn-kàn-ìn asẹ́ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé, àwọn kan nínú wọn yóò sọ amóníà náà di nàìtíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé, àwọn mìíràn yóò sì sọ nàìtíráìtì di nàìtíréètì, tí ẹja lè fara dà bí kò bá ti pọ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni ó sábà máa ń gba àwọn kòkòrò yìí kí wọ́n tó pọ̀ tó láti ṣiṣẹ́, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi amóníà díẹ̀ bọ́ wọn nínú àpótí tí kò tíì sí ẹja, kí a sì máa fi ohun èlò àyẹ̀wò wọ̀n ọ́n títí tí amóníà àti nàìtíráìtì yóò fi di òdo. Ibí yìí gan-an ni sùúrù ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tán.

Kókó kan wà nínú ọ̀rọ̀ amóníà tí ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ó ti pa ọ̀pọ̀ ẹja. Ìrísí méjì ni amóníà ní nínú omi, ọ̀kan le, ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ le, òṣùwọ̀n pH ló sì ń pinnu iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́. Ní 28°C, bí pH bá jẹ́ 7, èyí tó le kò tó 1 nínú 100, ṣùgbọ́n bí pH bá di 8, ó ti ju 6 nínú 100 lọ. Bí ènìyàn bá wá ní àpótí tí omi rẹ̀ kan, tí iṣẹ́ àwọn kòkòrò asẹ́ ti rẹlẹ̀ níbẹ̀ nítorí wọn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí pH bá ti kéré sí 6, amóníà lè ti kóra jọ síbẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ọjọ́ tí ó bá ṣe oore, tí ó da omi tuntun tí pH rẹ̀ ga sí i, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹja yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle lójú omi. Kò pọn dandan, nígbà náà, láti ṣe àfarawé Rio Negro pátápátá. Discus tí a bí nínú àpótí lóko àwọn ọlọ́sìn ní Jámánì, Málẹ́ṣíà tàbí Táílándì ń gbé dáadáa nínú omi tí pH rẹ̀ wà láàárín 6.5 sí 7.5, omi kan náà tí kì í yí padà lójijì sì sàn fún un ju omi tó pé lónìí, tó yàtọ̀ lọ́la.

Lẹ́yìn omi ni igi. Gbòǹgbò tàbí ẹ̀ka líle tó ti gbẹ dáadáa ni kí a lò, kí a sè é tàbí kí a rẹ ẹ́ sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí tí yóò fi rì fúnra rẹ̀, kí a sì rí i pé kò sí ṣóńṣó tó lè gún ẹja nígbà tí ẹ̀rù bá bà á tó sì sáré. Nàró ni kí igi náà wà, tàbí kí ó rọ̀ láti òkè wá, nítorí ẹja tí ara rẹ̀ wà lóròó máa ń wá òjìji tó wà lóròó, kí a sì fi iwájú àti àárín àpótí sílẹ̀ láìfi ohunkóhun sí i. Ewé igi fúrúùtù, tí a gbìn fún ibòji káàkiri àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, jẹ́ ọjà tí àwọn ọlọ́sìn ẹja ní ilẹ̀ òkèèrè ń fi owó rà, nítorí pé bí ewé náà bá ti gbẹ, tí ó sì já fúnra rẹ̀, ó ń pa omi láró bíi ti Rio Negro. Yanrìn tó kúnná, tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ, ni kí ó wà nísàlẹ̀, discus a sì máa fẹ́ omi láti ẹnu rẹ̀ sínú yanrìn náà láti tú oúnjẹ jáde. Àwọ̀ yanrìn ní ìtumọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú: irú discus pupa kan tí wọ́n bí ní Táílándì, tí wọ́n ń pè ní pigeon blood, a máa yọ àmì dúdú wínníwínní káàkiri ara bí ilẹ̀ àpótí tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ bá dúdú, bẹ́ẹ̀ yanrìn funfun ni yóò jẹ́ kí awọ rẹ̀ mọ́.

Nínú ewéko tó lè fara da irú ìgbóná yìí, Anubias barteri ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò yàn ṣáájú gbogbo wọn, ẹni tó bá sì rò pé Amazon ni ó ti wá ṣì í mọ̀. Etí odò ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, Kamẹrúùnù àti erékùṣù Bioko ni ó ti ń hù. Charles Barter, onímọ̀ ewéko tó bá William Balfour Baikie wọ odò Ọya ní 1857, nínú ìrìn àjò tí Samuel Àjàyí Crowther náà bá wọn lọ, ni onímọ̀ ewéko Heinrich Wilhelm Schott fi orúkọ rẹ̀ sọ ewéko náà ní 1860. Barter fúnra rẹ̀ kò rí ọlá yìí, nítorí ìlú Rabba létí odò Ọya ni ó kú sí ní 1859. A kì í gbin Anubias sínú yanrìn, nítorí bí igi rẹ̀ tó ń rá kiri bá ti bò mọ́lẹ̀, yóò jẹrà. Òwú ni kí a fi dè é mọ́ ara igi, lábẹ́ òjìji, nítorí iná tó bá pọ̀ yóò jẹ́ kí ohun ọ̀bọ̀rọ́ tútù tó máa ń bo òkúta odò bo ewé rẹ̀ tí kì í tètè dàgbà. Bí a bá fẹ́ ewéko mìíràn, Echinodorus ti Gúúsù Amẹ́ríkà ń jẹun láti gbòǹgbò, inú ìkòkò kékeré tí a fi pamọ́ sẹ́yìn igi ni kí ó wà, kí ó má bàa sọ gbogbo ilẹ̀ àpótí di ẹrẹ̀.

Àwọn ọlọ́sìn tó mọ iṣẹ́ wọn kì í fi ohunkóhun sínú àpótí àwọn ọmọ discus, wọn kò tilẹ̀ fi yanrìn sí i, nítorí ẹja kékeré a máa jẹun ní ìgbà mélòó kan lójúmọ́, omi rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yí padà lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjìméjì. Ó yẹ kí a gbà wọ́n gbọ́. Àgbà discus ni ọ̀ṣọ́ wà fún, ìyẹn náà yóò sì fẹ́ kí a pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì omi rẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ìgbóná omi tuntun bá ti àtijọ́ mu, kí a sì ti pa kúlórínì inú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba.

Bí ilé náà bá wá dùn mọ́ wọn, akọ àti abo yóò yan ibì kan tó nàró, ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ igi tàbí pípù asẹ́, wọn yóò nù ún pẹ̀lú ẹnu, wọn yóò sì yé ẹyin sí i. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3 ni ẹyin ń pa, bí àwọn ọmọ bá sì ti lè lúwẹ̀ẹ́, ara àwọn òbí wọn ni wọ́n ń jẹ: ohun yíyọ̀ tó ń ti awọ òbí jáde ni oúnjẹ wọn àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ kan, W. H. Hildemann, ti ṣe àlàyé rẹ̀ ní 1959. Ìwádìí kan tó jáde ní 2010 fi hàn pé èròjà amáradàgbà àti èròjà tó ń gbógun ti àìsàn a máa pọ̀ sí i nínú ohun yíyọ̀ yìí nígbà tí wọ́n bá ti yé ẹyin, àti pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, àwọn òbí a bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún àwọn ọmọ láti já wọn lẹ́nu. Àpótí tó kún fún ọ̀ṣọ́ kò bá iṣẹ́ yìí mu, nítorí àwọn ọmọ tí kò tíì lágbára yóò ṣìnà láàárín ẹ̀ka, ìfà asẹ́ yóò sì gbé èyí tó ṣẹ́kù. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ni ènìyàn ń fẹ́, kí ó kó tọkọtaya náà lọ sínú àpótí lítà 100 tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju ìkòkò amọ̀ kan tí a dojú rẹ̀ dé, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 25, àti asẹ́ kàn-ìn-kàn-ìn tí kò lè fa ọmọ ẹja wọlé.